Fúláwà wo ni kí n gbìn sílé? Ìbéèrè àwọn oníbàárà àti ìdáhùn Ìyá Onífúláwà

Ẹ̀gbẹ́ títì ní Surulere ni mo ti ń ta fúláwà. Yálà oníbàárà gba orí afárá wá láti Ikoyi ni o, tàbí ó fẹsẹ̀ rìn wá láti Itire, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí láti ọdún dé ọdún. Mo wá kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ kí ọ̀fun mi lè sinmi. Fúláwà ni gbogbo Èkó ń pe ohunkóhun tí a bá gbìn fún ẹwà, ìbáà tan ìtànná, ìbáà má tan. Èyí tó ń tan ìtànná ni ọ̀rọ̀ mi dá lé níbí. Rósì ni màá pẹ́ lórí rẹ̀ jù, nítorí òun ló ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn jù, òun náà ló sì ń kú jù.

Ìyá Onífúláwà, èwo ló lẹ́wà jù nínú gbogbo èyí tí ẹ kó síta yìí?

Kí n tó dáhùn, èmi náà á bi yín: oòrùn wákàtí mélòó ló ń dé ibi tí ẹ fẹ́ gbìn ín sí? Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀. Ojú ti rí àwọ̀, ọkàn ti fà sí i, owó ti jáde lápò. Ẹ padà sílé. Lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, ẹ wo ibẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ní ọ̀sán gangan, àti ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Èkó kì í ṣe oko. Ilé alájà mẹ́ta tí aládùúgbò kọ́ lè gba oòrùn lọ́wọ́ àgbàlá yín láti aago méjì ọ̀sán, ẹ ò sì ní mọ̀ torí pé ibi iṣẹ́ lẹ máa ń wà nígbà yẹn.

Ibi tó bá ń rí oòrùn tààrà fún wákàtí mẹ́fà lóòjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọjà pọ̀ fún un: bougainvillea, ixora, hibiscus, allamanda, periwinkle, rósì. Bó bá jẹ́ wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, ixora àti hibiscus á ṣì gbìyànjú, òdòdó wọn kàn máa dín kù ni. Bó bá kéré sí ìyẹn, ẹ lọ ka ìdáhùn mi lórí bákónì nísàlẹ̀.

Arákùnrin kan láti Yaba ra bougainvillea mẹ́rin lọ́wọ́ mi, ó gbìn wọ́n sábẹ́ igi máńgòrò. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ó padà wá bá mi jà: ewé tutù yọ̀yọ̀, òdòdó kankan kò sí. Ó ní akọ ni mo tà fún òun. Bougainvillea kì í ṣe ìbẹ́pẹ, ẹ jọ̀ọ́. Inú òdòdó kan náà ni akọ àti abo rẹ̀ wà. Oòrùn ni kò rí.

Ilẹ̀ wa ní Victoria Island, yanrìn funfun ni. Gbogbo ohun tí mo gbìn ló ń kú. Ṣé ọwọ́ mi ni kò dáa?

Ọwọ́ yín kò ní ẹ̀bi. Yanrìn tí wọ́n fi dí omi ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ lápá ibẹ̀. Omi tí ẹ bá bù sí i á jò lọ sísàlẹ̀ kíá, á sì wẹ oúnjẹ ilẹ̀ lọ. Ebi àti òǹgbẹ ló ń pa fúláwà yín.

Ẹ gbẹ́ ihò tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, tó sì jìn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ da ìdajì yanrìn náà nù, kí ẹ po ìyókù mọ́ ilẹ̀ dúdú àti ìgbẹ́ màlúù tàbí ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà. Ẹ gbọ́ "tó ti jẹrà" yẹn dáadáa o. Ìgbẹ́ adìẹ tútù máa ń jó gbòǹgbò bí ìgbà tí èèyàn da omi gbígbóná sí i. Ẹ kó o jọ síbì kan fún oṣù méjì sí mẹ́ta, títí tí kò fi ní rùn mọ́, tí kò sì ní gbóná bí ẹ bá ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Àwọn kan máa ń lọ kó lẹ́búlẹ́bú pákó níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú, wọ́n á dà á sínú ihò. Èyí tó bá tutù, ńṣe ni yóò máa bá fúláwà du oúnjẹ inú ilẹ̀ títí tí òun fúnra rẹ̀ á fi jẹrà. Bí ẹ bá gbìn ín tán, ẹ fi koríko gbígbẹ tàbí èèpo àgbọn bo ojú ilẹ̀ yí ìdí rẹ̀ ká, ṣùgbọ́n kó má fara kan igi rẹ̀.

Ìṣòro tiwa ní òdìkejì omi yàtọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi lápá Agege àti Ketu, ilẹ̀ pupa tó ń di omi mú la ní. Ẹ da omi kún inú ihò kí ẹ tó gbìn nǹkan kan. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́ tí omi ṣì wà níbẹ̀, ẹ kọ ebè kí ẹ gbìn ín sórí rẹ̀, tàbí kí ẹ lo ìkòkò.

Afẹ́fẹ́ òkun oníyọ̀ ńkọ́?

Bougainvillea àti periwinkle máa ń fara dà á. Rósì kì í fẹ́ ẹ rí. Omi bọ́hóòlù yín náà, ẹ tọ́ ọ wò; bó bá ní iyọ̀ lẹ́nu, ẹ máa gbe omi òjò sínú dúrọ́ọ̀mù fún àwọn fúláwà.

Ixora tí mo gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì ń pọ́n. Mo ti bomi rin ín, mo ti fi ajílẹ̀ sí i, kò gbọ́.

Ẹ wò ó dáadáa. Bó bá jẹ́ ewé tuntun ló ń pọ́n, tí iṣan ewé nìkan sì dúró bó ṣe yẹ kó rí, sìmẹ́ǹtì ni. Nígbà tí àwọn bíríkìlà bá kọ́ fẹ́ǹsì tán, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti àjẹkù mọ́tà, ẹ̀bá ògiri níbẹ̀ ni wọ́n máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ixora rí irin inú ilẹ̀ fà mu, kò sì sí ajílẹ̀ tó lè bo àṣírí rẹ̀. Ẹ hú u, ẹ ṣa àfọ́kù yẹn kúrò, ẹ kó ilẹ̀ dúdú síbẹ̀, kí ẹ sì sún un kúrò lára ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà méjì.

Èwo ni yóò máa tan fún mi jálẹ̀ ọdún?

Ixora ni màá kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ará India àti Sri Lanka ni, àmọ́ ó ti di ọmọ Èkó; ẹ̀ẹ̀rùn ni o, òjò ni o, orí rẹ̀ kì í ṣófo pátápátá. Pupa, yẹ́lò, píǹkì àti funfun wà. Ẹ má ṣe máa rẹ́ ẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì bí irun ológun o, orí ẹ̀ka ni òdòdó ti ń yọ, bí ẹ bá sì ti gé orí ẹ̀ka, ẹ ti gé òdòdó.

Hibiscus ní òdòdó tó tóbi bí àwo, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò. Ó là láàárọ̀, ó ká lálẹ́. Kí ẹ má ṣe gé e sínú ife fún àlejò ọ̀la.

Periwinkle kékeré yẹn tí ẹ ń rí tó ń hù nínú sànmọ́ńtì tó là lẹ́bàá gọ́tà, èmi kì í fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Yanrìn kò dí i lọ́wọ́, ọ̀gbẹlẹ̀ kò dí i lọ́wọ́. Madagascar ló ti wá, inú rẹ̀ sì ni wọ́n ti rí vincristine, oògùn tí àwọn dókítà fi ń tọ́jú àwọn ọmọdé tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn kò ní kí ẹ máa se é mu nílé o! Májèlé ni fún ẹni tí kò mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ọ̀tá rẹ̀ kan ṣoṣo ni omi tó dúró sí i nídìí.

Euphorbia ẹlẹ́gùn-ún náà wà, èyí tí àwọn kan ń pè ní adé ẹ̀gún. Ó ń tan lójoojúmọ́ ayé rẹ̀. Èmi ò kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Bougainvillea tèmi rí oòrùn tó, síbẹ̀ ewé nìkan ló ń yọ.

Ẹ ti kẹ́ ẹ bàjẹ́. Omi ojoojúmọ́ àti ìgbẹ́ adìẹ, ewé ni wọ́n ń bí. Ẹ jẹ́ kí òǹgbẹ gbẹ ẹ́ díẹ̀: ẹ má bomi rin ín àfi tí ojú ilẹ̀ bá gbẹ dáadáa tí ewé sì fẹ́ máa rọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, nígbà tí ohun gbogbo ń gbẹ, ni ẹ máa ń rí i lórí fẹ́ǹsì káàkiri Ikeja tó pọ́n bí iná.

Ohun tí ẹ sì ń pè ní òdòdó rẹ̀ kì í ṣe òdòdó. Ewé aláwọ̀ ni. Òdòdó gan-an ni nǹkan funfun kékeré tó wà láàárín rẹ̀. Ìdí tó fi ń pẹ́ lórí igi ju hibiscus lọ nìyẹn. Orúkọ ọ̀gá atukọ̀ Faransé kan, Louis-Antoine de Bougainville, ni wọ́n fi sọ ọ́ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, àmọ́ ọmọ Brazil ni igi náà, bíi ti àwọn Àgùdà wa ní Pópó Àgùdà.

Àwọ̀ mélòó ni kí n dà pọ̀?

Ẹ fojú aṣọ ẹbí wò ó. Bí èèyàn ogún bá wọ àwọ̀ ogún, ọjà ni. Bí èèyàn ogún bá wọ àwọ̀ méjì, gbogbo àdúgbò á yíjú wò wọ́n. Ixora pupa mẹ́fà ní ìlà kan yọ ju fúláwà mẹ́fà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ. Ẹ wo àwọ̀ ògiri yín náà. Ọ̀dà funfun máa ń gbé pupa àti elésè àlùkò yọ. Ògiri aláwọ̀ ilẹ̀ á gbé wọn mì, àwọ̀ ìyeyè ti allamanda tàbí funfun ló yẹ ẹ́. Èmi ò tiẹ̀ rò pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí àgbàlá pupa délẹ̀. Òdòdó fúnra rẹ̀, ṣebí àwọ̀ ni lédè wa: aṣọ òdòdó tí Bíbélì ń sọ, aṣọ pupa fòò ni.

Rósì ńkọ́? Wọ́n ní kì í yè ní Èkó.

Ó ń yè. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, kò fẹ́ràn wa. Oòrùn ọ̀sán kọ́ ni ìṣòro rẹ̀ bí kò ṣe òru tí kì í tutù àti afẹ́fẹ́ tó kún fún omi. Ìdí nìyẹn tí rósì fi ń dùn ún wò ní Jos, tí ilẹ̀ rẹ̀ ga tó nǹkan bí 1,200 mítà ju òkun lọ. Òun náà ni Kenya fi di orílẹ̀-èdè tó ń kó rósì ránṣẹ́ káàkiri ayé: orí ilẹ̀ gíga lẹ́bàá adágún Naivasha ni ọ̀pọ̀ oko rósì wọn wà, tí òru máa ń tutù.

Rósì tí mo kọ́kọ́ rà, ọwọ́ ẹnì kan tó kó o sẹ́yìn ọkọ̀ ni mo ti rà á. Òdòdó mọ́kànlá ló wà lórí rẹ̀, mo kà á. Oṣù Kẹfà ni, òjò ń rọ̀ bí ẹni pé ọ̀run ti ya. Mo gbìn ín sẹ́yìnkùlé, mo wá ń fi ìfọ́nmi wẹ gbogbo ewé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, mo rò pé ìtọ́jú ni mò ń ṣe. Kó tó di oṣù Kẹjọ, igi ẹlẹ́gùn-ún lásán ló kù. Mo tún ra òmíràn, ó tún kú. Ẹ̀kẹta ni mo gbé sínú ìkòkò, torí pé ilẹ̀ ti tán lọ́wọ́ mi, mo sì gbé e sábẹ́ etí òrùlé lápá ìlà oòrùn. Ibẹ̀ ló ti yè. Kì í ṣe ọgbọ́n mi o, àyè ni kò sí.

Láti ìgbà yẹn, ohun tí mo ń sọ fún oníbàárà kò ju mẹ́ta lọ. Ìkòkò. Oòrùn àárọ̀. Òrùlé tí kò ní jẹ́ kí òjò máa lu ewé rẹ̀. Àbẹ́ etí òrùlé tó kọjú sí ìlà oòrùn ló dára jù: oòrùn á wà níbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ewé rẹ̀ á sì wà ní gbígbẹ. Ìkòkò náà kò gbọ́dọ̀ kéré. Báfù ike àtijọ́ tó jìn tó 40 sẹ̀ǹtímítà dára, bí ẹ bá ti dá ihò sí i nísàlẹ̀. Ilẹ̀ dúdú ìwọ̀n méjì, yanrìn ìwọ̀n kan, ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà ìwọ̀n kan. Àárọ̀ ni kí ẹ máa bomi rin ín, ìdí rẹ̀ ni kí ẹ bù ú sí, ẹ fi ewé sílẹ̀. Bí òdòdó kan bá ti rẹ̀, ẹ gé e sísàlẹ̀ dé ibi ewé àkọ́kọ́ tó pín sí márùn-ún. Òmíràn á yọ láti ibẹ̀.

Oṣù Kẹwàá ni kí ẹ rà á. Ọ̀pọ̀ ń rà á ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò bí ẹni tó ń gbin àgbàdo. Bí ẹ bá rà á ní oṣù Kẹwàá, ó máa rí oṣù márùn-ún oòrùn tó fi máa ta gbòǹgbò kí òjò ńlá tó dé bá a.

Irú rósì wo gan-an?

Ẹ má tẹ̀ lé òdòdó ńlá kan ṣoṣo tó dúró lórí igi gígùn bíi ti inú káàdì ìgbéyàwó. Irú yẹn ló ń ṣàìsàn jù. Ẹ wá èyí tí òdòdó rẹ̀ kéré, tó ń yọ ní ìdì-ìdì, tí ewé rẹ̀ sì ń dán. Àwọn rósì àtijọ́ tó ṣẹ̀ wá láti China ló ń bá ilẹ̀ gbígbóná mu, nítorí wọn kò nílò òtútù kí wọ́n tó tan. Lára wọn ni 'Old Blush' tó jẹ́ píǹkì, 'Louis Philippe' tó pupa, àti 'Mutabilis' tí òdòdó rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní yẹ́lò, kó di píǹkì, kó tó di pupa. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń tà á ní Èkó kò mọ orúkọ èyí tó wà lọ́wọ́ wa, n kò ní purọ́ fún yín. Nítorí náà, ẹ béèrè èyí tó yẹ kí ẹ béèrè: "Ṣé rósì yìí lo òjò ọdún tó kọjá lọ́wọ́ yín?" Bí ẹni náà bá ní bẹ́ẹ̀ ni, tó sì fi igi rẹ̀ tó ti gbó hàn yín, ẹ sanwó.

Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n so mọ́ ìdí rósì mìíràn, ẹ máa rí ibi tó wú ní ìsàlẹ̀ igi. Ọ̀mùnú tó bá yọ lábẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe rósì tí ẹ rà. Ẹ já a dànù.

Àmì dúdú ń yọ lára ewé rósì mi, ewé ń pọ́n, ó sì ń já.

Àrùn ewé ni, olú tí ojú kò lè rí ló ń fà á. Ewé gbọ́dọ̀ wà ní tútù fún nǹkan bíi wákàtí méje kí ó tó ráyè wọlé. Ẹ wá rò ó: bí ẹ bá fi omi wẹ ewé ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, títí di òwúrọ̀ ni yóò fi tutù. Ẹ ti tẹ́ ibùsùn fún un. Ẹ já gbogbo ewé alámì, ẹ ṣa èyí tó bọ́ sílẹ̀, ẹ kó wọn sínú pàǹtírí, kì í ṣe sínú ààtàn tí ẹ ti ń bu ajílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìkòkò jìnnà síra wọn, kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín wọn kọjá. Bí kò bá gbọ́, ẹ ra oògùn tó ní mancozeb nínú lọ́wọ́ àwọn tó ń ta oògùn àgbẹ̀, ẹ ka ara páálí rẹ̀, ẹ bo imú àti ọwọ́.

Ọkọ mi ra rósì fún mi ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Èrèlé. Ṣé mo lè gbìn ín?

Ẹ gbádùn rẹ̀ nínú omi. Inú ilé oníke ni wọ́n ti tọ́ irú yẹn dàgbà, kò mọ Èkó rí.

Wọ́n ta "desert rose" fún mi. Ṣé òun ni rósì tí kì í kú?

Kì í ṣe rósì rárá. Orúkọ nìkan ló pa wọ́n pọ̀. Ilẹ̀ gbígbẹ ilẹ̀ Áfíríkà ló ti wá, ó sì ń hù fúnra rẹ̀ lókè ọya. Ìdí rẹ̀ tó wú bí iṣu ni ó ń tọ́jú omi sí. Ẹ̀wẹ̀, bí ẹ bá bi mí, fún ẹni tó ń gbé òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí oòrùn ń jó, tó sì máa ń rìnrìn àjò, òun ni màá tà, màá fi rósì gidi sílẹ̀. Òdòdó píǹkì rẹ̀ pọ̀, ọ̀sẹ̀ kan láìsí omi kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Omi àpọ̀jù ló ń pa á. Nígbà òjò, ẹ gbé e wọlé sábẹ́ òrùlé. Bí ìdí rẹ̀ bá ti rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù, ó ti tán. Oje rẹ̀ ni àwọn ọdẹ ń fi sí ẹnu ọfà láyé àtijọ́, ẹ jẹ́ kí èyí tọ́ yín sọ́nà nípa ibi tí ẹ máa gbé e sí.

Ọmọ mi ń fi gbogbo nǹkan sẹ́nu. Èwo ni kí n sá fún?

Oleander, ìbáà jẹ́ onípíǹkì tàbí olómi òjò aláwọ̀ yẹ́lò tí wọ́n fi ń ṣe fẹ́ǹsì. Èso àti ewé wọn lè pa èèyàn. Èmi kì í tà á fún ilé tó ní ọmọ kékeré, kódà bí wọ́n bá ń bẹ̀ mí. Desert rose, bí mo ṣe sọ. Allamanda àti euphorbia, oje wọn ń yún ara, euphorbia sì burú jù bó bá kan ojú. Ixora àti hibiscus kò ní wàhálà. Ta ni kò fa oyin ìdí òdòdó ixora mu nígbà èwe?

Inú fúláàtì ni mo wà ní Obalende, bákónì kékeré, oòrùn kò dé ibẹ̀.

Ẹ gbà pé àwọ̀ yín máa wá láti ara ewé ju òdòdó lọ. Caladium pupa àti funfun, begonia. Peace lily á fún yín ní òdòdó funfun láìrí oòrùn tààrà, bí ilẹ̀ rẹ̀ kò bá gbẹ. Yóò tẹrí ba bí òǹgbẹ bá ń gbẹ ẹ́, bí ẹ bá bomi sí i, á dìde láàárín wákàtí díẹ̀. Òun àti caladium, ẹ gbé wọn sókè tí ọwọ́ ọmọ kò ní dé, wọ́n máa ń jó ẹnu. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta rósì fún yín.

Ṣé kò sí fúláwà tiwa ni? Ṣé ti òyìnbó nìkan la ó máa gbìn?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Ẹ rántí tannáposó? Èyí tí kì í là láàárọ̀, àfi bí oòrùn bá ti ń rọ̀, tí òórùn dídùn rẹ̀ á wá gba gbogbo ojúde kan. Igi kan náà lè ní òdòdó pupa, yẹ́lò, àti èyí tí àwọ̀ méjèèjì tọ́ lára ewé kan. Hóró èso rẹ̀ dúdú, ó hunjọ bíi hóró ata iyère. Ẹ jù ú sílẹ̀ nígbà òjò àkọ́rọ̀, ẹ ti ní in nìyẹn, ọ̀fẹ́. Àwọn tó mọ̀wé sọ pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni òun náà ti wá. Ó ti gba orúkọ Yorùbá, ó ti di ọmọ ilé. Ìdò náà wà, tí ẹ ń rí níbi tó ní omi, tí òdòdó rẹ̀ pupa tàbí yẹ́lò. Òun ni kí ẹni tí omi ń dúró ní àgbàlá rẹ̀ gbìn. Ìṣápá tí ẹ fi ń ṣe sóbò, òdòdó rẹ̀ rẹwà kí ẹ tó já a. Bí ilẹ̀ bá sì gbà, akòko. Ewé tí a fi ń fi olóyè joyè ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí, ṣùgbọ́n ẹ dúró kó yọ òdòdó elésè àlùkò rẹ̀ kí ẹ tó sọ pé bougainvillea ló dára jù.

Ọ̀rọ̀ pé a gba fúláwà lọ́wọ́ àjòjì kò tuntun ní Èkó. Ọdún 1887, nígbà Gómìnà Alfred Moloney, ni wọ́n dá ọgbà ìdánwò ohun ọ̀gbìn sílẹ̀ ní Ebute Metta. Ohun tó ń mówó wọlé ló jẹ wọ́n lógún níbẹ̀ ju òdòdó lọ.

Kòkòrò funfun bí òwú bo hibiscus mi.

Ọṣẹ olómi ṣíbí ìjẹun kan nínú omi lítà kan, ẹ fọ́n ọn sábẹ́ ewé ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fi omi lásán ṣàn án lọ́jọ́ kejì. Ẹ tún un ṣe ní ọjọ́ márùn-ún sí i. Kí ẹ sì wá ilé èèrà tó wà nítòsí, nítorí èèrà ló ń sin àwọn kòkòrò yẹn bí darandaran ṣe ń sin màlúù, oje dídùn ara wọn ni wọ́n ń fún mu.

Ṣé fúláwà kì í fa ẹ̀fọn?

Omi inú àwo abẹ́ ìkòkò ló ń fà á. Ẹ máa dà á nù ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta.

Ejò ńkọ́? Ìyá ọkọ mi ní kí n má gbin nǹkan kan.

Ẹ kí Màmá fún mi. Ejò kì í wá jẹ òdòdó. Eku àti ọ̀pọ̀lọ́ ló ń wá. Bí ìsàlẹ̀ fúláwà yín bá mọ́, tí ẹ ti gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ kúrò dé orókún tí èèyàn lè rí ilẹ̀ já, tí kò sí àkójọ pákó àti páànù àlòkù lẹ́yìnkùlé, kò sí ibi tí ejò máa fara pamọ́ sí. Ilé tí mo ti rí ejò rí, kò sí fúláwà kankan níbẹ̀, táyà àlòkù ló kún ibẹ̀.

Kí ni kí n yẹ̀ wò lára fúláwà kí n tó sanwó?

Ẹ di ìdí igi rẹ̀ mú, kí ẹ mì ín díẹ̀. Bó bá ń yọ̀ nínú náílọ́ọ̀nù dúdú rẹ̀, àná ni wọ́n hú u wá, gbòǹgbò kò tíì mú. Ẹ yí ewé padà, kòkòrò kì í gbé òkè ewé. Ẹ wo ìdí náílọ́ọ̀nù: gbòǹgbò díẹ̀ tó yọ jáde dára, èyí tó ti hù wọ inú ilẹ̀ kò dára, torí wọ́n máa já a kí wọ́n tó lè gbé e fún yín. Ẹ má wo òdòdó. Ẹ ra èyí tó ní ẹ̀ka púpọ̀ àti ìrudí òdòdó tí kò tíì là, kí ó lè jẹ́ ilé yín ni yóò ti là.

Bí aládùúgbò bá ní ixora tàbí hibiscus, ẹ tiẹ̀ má ra rárá. Ẹ tọrọ ẹ̀ka tó nípọn tó pẹ́ńsù, tó gùn tó 15 sẹ̀ǹtímítà, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀, ẹ ki ìsàlẹ̀ rẹ̀ bọ inú ilẹ̀ tó rọ̀, ẹ gbé e sí ìbòòji. Mo mọ̀ pé ọjà mi ni mo ń bà jẹ́.

Ayálégbé ni mí. Bí mo bá gbìn ín, ṣé láńlọ́ọ̀dù kò ní sọ pé tòun ni?

Ó lè sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá wọlẹ̀, ìjà ni ẹ máa jà kí ẹ tó hú u, ó sì ṣeé ṣe kó kú lọ́wọ́ yín. Inú ìkòkò ni kí ẹ gbìn ín sí. Ẹ gbé ìkòkò lé orí búlọ́ọ̀kù méjì, nítorí bougainvillea máa ń ti ihò ìdí ìkòkò yọ gbòǹgbò wọlẹ̀ láìsọ fún yín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó lọ, ẹ ti bomi rin ín ní alẹ́ àná, ẹ fi okùn di àwọn ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀, òun ni kí ẹ gbé wọ ọkọ̀ kẹ́yìn. Kí ẹ má gbé e ti fóòmù.